Gìrì mú ọmọ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ń wọ́ nílẹ̀: ṣé wárápá ló fẹ́ dà?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún. Oṣù mọ́kànlá ló wà nígbà tí gìrì kọ́kọ́ mú un. Ó tún mú un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ara rẹ̀ gbóná janjan lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń gbọ̀n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi àgbo gìrì pa á lára, wọ́n sì rọ díẹ̀ sí i lọ́fun. Nígbà tó dáwọ́ dúró a gbé e lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ méjì ní ìdí. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Màmá ní gìrì náà ló bá a jà, pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, wárápá ni yóò dà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọmọ, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá Ọmọ, ẹ kú àìsùn o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ìparí lẹ́tà yín lẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sí, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí ohun tó gbé e wá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gìrì ti lọ, ẹsẹ̀ ló kù nílẹ̀, ọjọ́ sì ń lọ lórí rẹ̀.

Òótọ́ ni pé gìrì lè fi apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní rírọ. Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wàhálà ló ń sinmi. Ṣùgbọ́n irú rírọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́: wákàtí díẹ̀ ni, bó bá pọ̀ jù, ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ yín ti ń wọ́ ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ọ́ pé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo ń fura sí.

Iṣan kan wà tó ti ẹ̀yìn bọ́ sínú ìdí, tó gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lára àgbàlagbà, ó nípọn tó ìka ọwọ́. Òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ fún ẹsẹ̀, òun náà ló ń gbé ìròyìn padà: ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ tutù, òkúta gún mi. Ìdí ọmọ ọdún kan kò ní ẹran tó lè dáàbò bo iṣan yìí. Bí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ bá ṣì í gún, abẹ́rẹ́ lè kan iṣan, tàbí kí oògùn tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jó o. Ìdí nìyí tí a fi ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ níwájú itan, lápá òde, níbi tí ẹran wà tí iṣan ńlá kò sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀; ẹ rántí ibi tí nọ́ọ̀sì fi òwú sí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ gbé ọmọ náà lé itan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ìka ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ òsì yóò ká ìka, yóò fà á sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé iṣan ló farapa, ọ̀tún yóò kàn so rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa ni, iwájú rẹ̀ yóò dojú kọlẹ̀. Nígbà tó bá ń rìn, ẹ pa rédíò, ẹ fetí sílẹ̀: ìró ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní dọ́gba, torí ọ̀kan ń fi gìgísẹ̀ balẹ̀, èkejì ń fi iwájú lu ilẹ̀. Bó bá ní bàtà tó ń wọ̀ dáadáa, ẹ wo orí bàtà ọ̀tún. Ibẹ̀ ni yóò ti máa họ.

Àmọ́ n kò lè jókòó síhìn-ín kí n ní abẹ́rẹ́ ni, kí n sì kọjá lọ. Àrùn mìíràn wà tó ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ibà, ẹ sì mọ orúkọ rẹ̀: rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti tán ní Nàìjíríà àti ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ ẹ̀ka Áfíríkà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ̀yà kan ṣì kù tó ṣẹ̀ wá láti ara kòkòrò aláìlágbára tó wà nínú àjẹsára ẹlẹ́kán-sẹ́nu. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò gba àjẹsára bá pọ̀ sí, ó máa ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Nítorí rẹ̀, ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ, dandan ni kí wọ́n fi tó àwọn tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí, kódà bí gbogbo ilé bá gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á. Ìgbẹ́ ọmọ ni wọ́n yóò gbà, ẹ̀ẹ̀mejì, kí wákàtí 24 ó kéré tán wà láàárín méjèèjì, kó sì bọ́ sáàárín ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ ti rọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ti lọ nínú mẹ́rìnlá yín nígbà tí ẹ kọ̀wé. Ìdí rèé tí mo fi sáré fi èsì kúkúrú ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé pé kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ ni. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ yẹn kì í gba owó.

Bó bá wá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, àwọn onífisioterápì, àwọn tó ń fi nína ara àti eré ìdárayá wo ẹsẹ̀ tó rọ, ni yóò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n yóò kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa na ẹsẹ̀ náà nílé, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní ohun tí yóò gbé ọrùn ẹsẹ̀ dúró kó má baà gan síbi tó dojú kọ. Ọ̀pọ̀ ń gbádùn láàárín oṣù mélòó kan, torí iṣan kì í yára hù. Àwọn mìíràn kì í padà tán pátápátá. Èyí tó tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ló ń ṣe dáadáa jù. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n má sì fà á. Awọ tí iṣan rẹ̀ farapa kì í mọ ìgbà tó ń bó. Ẹ padà sí kẹ́míìsì yẹn, láìbá wọn jà, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ abẹ́rẹ́ méjèèjì. Bí ìgò rẹ̀ bá ṣì wà nínú ike ìdọ̀tí, ẹ gbà á.

Ó yá, gìrì.

Orúkọ ohun tí ojú rí ni gìrì. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ oríṣiríṣi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ọmọ yín: ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, tí ibà mú, tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì gbó tó láti fara da ooru tó ń gùn bọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, méjì sí márùn-ún ló máa ń ní in. Ẹ bi bàbá ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀, ẹ bi ìyá tiyín náà. Ó máa ń wà nínú ẹbí, kò sì ní yà mí lẹ́nu bí màmá fúnra wọn bá rántí ọmọ wọn kan tí gìrì mú rí.

Àwọn àgbà ní ilẹ̀ tútù ló ń fà á. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí èyí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, títí ìyá àgbà kan fi di ọwọ́ mi mú, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ibà ń mú. Àyà gbóná bí ààrò, ẹsẹ̀ tutù nini. Òótọ́ ni! Nígbà tí ibà bá ń gun òkè, ara a máa kó ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ kó lè pa ooru mọ́ sínú. Ohun tí ojú àwọn àgbà rí kò parọ́ fún wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà láti ibẹ̀ ni mi ò bá wọn gbà. Torí bó bá jẹ́ òtútù ló fà á, iná ni yóò wò ó nìyẹn. Mo ti tọ́jú ọmọ tí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná ààrò lórí gìrì. Gìrì ti dá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Egbò ẹsẹ̀ ni a ń wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Àgbo tí màmá lò náà ń kọ mí lóminú, pàápàá èyí tó gba ọ̀fun lọ. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ohun tó wà nínú ìgò. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní, ìtọ̀ màlúù ni omi rẹ̀, ewé tábà ni agbára rẹ̀, kí a tó wá fi aáyù, àlùbọ́sà, efinrin àti kan-ún sí i. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti dán ìtọ̀ màlúù yìí wò lára eku àti ajá, tí wọ́n sì rí i bó ṣe ń dá èémí àti ọkàn láàmú. Tábà a kọ́kọ́ mú kí àyà máa sáré, lẹ́yìn náà a mú èémí rẹlẹ̀. Àgbo náà tún máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ tí ibà ti mú láti àárọ̀, tí kò jẹ, tí kò mu, tí gìrì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ìwọ̀nba ṣúgà tó kù lára rẹ̀. Ọmọ tí ì bá jí ní ìdajì wákàtí ni yóò sùn lọ fọnfọn, tí gbogbo ilé yóò ní gìrì le gan-an. Èyí tí a bá sì rọ sí ẹnu ọmọ tí kò mọ ibi tó wà, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ti ṣíbí kò gba ẹjọ́ púpọ̀. Ahọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Kò sí bí ọmọ ṣe lè gbé e mì. Eyín ni ṣíbí ń ká, tàbí kó ya ètè.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ gbogbo èyí fún ìyá ọkọ. Ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ tí gìrì dé, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ara tu gbogbo yín. Kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́, torí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nígbà tí ọmọ ń gbọ̀n, ìgò àgbo ni yóò nawọ́ sí. Iṣẹ́ tí mo máa ń yàn fún wọn ni aago. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wo aago, dókítà yóò bi wá ní ìṣẹ́jú tó lò.” Òótọ́ sì ni, a óò bi yín. Ìṣẹ́jú kan gìrì a máa jọ wákàtí kan lójú ìyá, ẹni tó wo aago nìkan ló lè sọ òótọ́. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní, kí itọ́ lè ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tú ohun tó bá fún un lọ́rùn. Ẹ má di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, àní omi, títí yóò fi jí tó mọ̀ yín. Kò sí ìdí láti da omi yìnyín lé e lórí.

Ọ̀pọ̀ gìrì ibà ń dá kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Bó bá ti lé márùn-ún, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí ẹ wà. Ẹ má dúró kó dá. Bákan náà bó bá tún mú un lọ́jọ́ kan náà, bó bá jẹ́ apá ara kan ṣoṣo ló ń gbọ̀n, tàbí bí ọmọ kò bá jí lẹ́yìn rẹ̀ kó dá ojú mọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, gìrì rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo ń sọ yìí, ẹ gbé e lọ kíákíá. Àní bí gìrì kò tilẹ̀ pẹ́, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè mọ ohun tó fa ibà. Wọ́n yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, wọ́n yóò wo ṣúgà rẹ̀. Ibà ẹ̀fọn tó dé ọpọlọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn mímu láti kẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ artesunate ni, ní ilé ìwòsàn.

Nígbà mìíràn, dókítà yóò ní òun fẹ́ gba omi ẹ̀yìn ọmọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń gbé ọmọ wọn sá, torí ẹnì kan ní àdúgbò ti sọ pé ó ń pa ọmọ tàbí pé ó ń rọ wọ́n lẹ́sẹ̀. Àrùn tó wọ awọ tó bo ọpọlọ ló ń pa ọmọ, òun náà ló ń fi dídití àti ẹsẹ̀ rírọ sílẹ̀, omi yẹn ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni abẹ́rẹ́ ti ń wọlé, níbi tí okùn iṣan inú egungun ẹ̀yìn ti parí. Bí ọrùn ọmọ bá gan, tí àwùjẹ́ rẹ̀ wú, tó ń bì, tí kò fẹ́ ọmú, ẹ bá mi gbà á fún dókítà.

Ṣé yóò tún mú un? Ó ṣeé ṣe. Bí gìrì àkọ́kọ́ bá wáyé kí ọmọ tó pé ọdún kan, nǹkan bí ìdajì wọn ló máa ń tún ní in. Parasẹ́támọ̀ yóò mú ara tù ú, ẹ fún un, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń dá gìrì dúró. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà wá sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ kò tètè fún un. Gìrì kúkúrú ti ibà kì í ba ọpọlọ jẹ́, kì í sọ ọmọ di òpè.

Wárápá ni ìbéèrè gan-an. Àwa dókítà kì í pe nǹkan ní wárápá àfi bó bá ń mú ènìyàn láìsí ibà, láìsí ohun kan tó tọ́ka sí, tó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní gìrì ibà lásán, ọ̀kan tàbí méjì ló ń ní wárápá lẹ́yìn ọ̀la. Àwọn tí gìrì kò mú rárá náà, ó ń mú nǹkan bí ẹyọ kan nínú wọn. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ṣàìsùn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀súntọ́kun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka wárápá láti ilé dé ilé ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, nǹkan bí ènìyàn márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ni wọ́n rí. Ká ní gbogbo gìrì ló ń di wárápá ni, iye yẹn ì bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí ibà ti ń mú gbogbo ọmọ.

Èyí tó bá sì ní wárápá náà, kò ràn. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ kì í kó bá ẹni tó nù ún. Oògùn wà, bíi phenobarbital tó ti pẹ́ tí kò sì wọ́n, nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá ló sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú iná tàbí sínú odò nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, kì í ṣe wárápá ló pa á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹ kò bi mí, torí àwọn ìyá mìíràn ń kà á. Gìrì tó ń bà mí lẹ́rù jù kò ní ariwo. Ọmọ oṣù márùn-ún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú lójijì, apá méjèèjì ṣí bí ẹni fẹ́ gbá nǹkan mọ́ra, orúnkún ká wá síkùn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tú u sílẹ̀. Kò pẹ́, ó tún dé, ó tún dé, bóyá ogún ìgbà, ó wá bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ní inú ló ń run ún, ó lọ ra oògùn inú rírun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní 1841, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William James West, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Lancet pé kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun gba òun, nítorí ọmọkùnrin òun gan-an ló ń tẹrí ba bẹ́ẹ̀. Kò rí ìwòsàn fún un. Lónìí oògùn wà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi jáfara ń ná ọpọlọ ọmọ ní nǹkan. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Lọ́dọ̀ dókítà, ọmọ náà yóò kàn máa wò ni.

Ti ẹsẹ̀ náà ní tirẹ̀: ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò lágbára, tí kò lè sáré bí ẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ dìde nílẹ̀, yóò fi ọwọ́ gun ara rẹ̀, láti orúnkún dé itan, bí ẹni ń gun igi, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe gìrì, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àrùn ẹran ara kan ni, ọmọ ti ń gbé e bọ̀ láti inú oyún. Kí wọ́n má lù ú. Kí wọ́n gbé e wá.

Ìyá Ọmọ, bí wọ́n bá ti fún yín ní èsì ìgbẹ́ yẹn, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Ẹ kọ orúkọ abẹ́rẹ́ méjèèjì sí i, kí ẹ sì bá mi sọ ohun tí ẹsẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.